Bọ́ọ̀sì olówó pọ́ọ́kú tó gbé wa lọ wo Odi Ńlá ní Beijing

Ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún ni mo fún wọn. Ọ̀kan nínú méjèèjì, awakọ̀ ló ni ín. Ẹ ó gbọ́ ohun tó ṣe kó tó gba ìràwọ̀ lọ́wọ́ mi.

Okun o, gbogbo ilé. Ará Ògìdì ní Ìjùmú ni mí, aṣọ ni mo ń hun, mo sì ní ṣọ́ọ̀bù ní Kàbà. Ọmọ mi Dúpẹ́ lọ kàwé sí i ní Beijing. Nígbà tó parí lọ́dún tó kọjá, ó ní àfi kí n wá wo òun lọ́jọ́ tí wọ́n máa fún òun ní oyè. Ìparí oṣù Kẹfà ni. Ọjọ́ mọ́kànlá ni mo lò. Láti ìgbà tí mo ti dé, gbogbo ẹni tó ní ọmọ tàbí àbúrò ní Ṣáínà, láti Kàbà títí dé Ìsánlú, ló ń pè mí: ṣé kí àwọn náà gba bọ́ọ̀sì tí mo gbà, èló ni, ibo ni kí àwọn dé, ibo ni kí àwọn yẹra fún. Ẹnu ti rẹ̀ mí, mo ní kí n kúkú kọ ọ́ sílẹ̀.

Ilé tí Dúpẹ́ ń gbé nínú ọgbà yunifásítì kì í gba àlejò sùn, torí náà hòtẹ́ẹ̀lì kékeré kan nítòsí ni mo wà. Lórí tábìlì tí wọ́n ti ń gba kọ́kọ́rọ́ ni mo ti rí páálí pupa kan. Ohun tó wà lára ẹ̀ nìyí: Odi Ńlá ní Badaling, ibojì àwọn ọba, oúnjẹ ọ̀sán, tíkẹ́ẹ̀tì àbáwọlé, a ó gbé yín lẹ́nu ọ̀nà, a ó dá yín padà, 120 yúàn. Nígbà yẹn yúàn kan lé díẹ̀ ní 200 náírà, ẹ rí i pé nǹkan bíi 25,000 náírà ni gbogbo ẹ̀.

Dúpẹ́ wò ó, ó ní, "Iye, ẹ jẹ́ ká fi èyí sílẹ̀, mo ti mọ ibòmíì tí mo fẹ́ mú yín lọ."

Mo ní kí ló ṣe èyí. Ó ní owó ẹ̀ ti kéré jù. Mo ní ọmọdé ò mọ ọjà rírà.

Ẹ wo èmi tí mo ń sọ̀rọ̀ yẹn o. Tíkẹ́ẹ̀tì Odi nìkan, 40 yúàn ni ní àsìkò tí a lọ. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú 120. Ẹ yọ oúnjẹ. Ẹ yọ epo ọkọ̀, ọ̀nà tó lé ní ọgọ́ta kìlómítà ní àlọ nìkan. Ẹ yọ owó iṣẹ́ ọmọkùnrin tó ń mú wa kiri, ẹ yọ ti awakọ̀. Kí ló kù? Bí oníbàárà bá wá bá mi ní Kàbà pé òun rí aṣọ òfì kan tí owó rẹ̀ kò tó owó òwú tí wọ́n fi hun ún, ohun tí màá kọ́kọ́ bi í ni pé, ta ló ń san ìyókù? Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo ti ń tajà. Lọ́jọ́ yẹn, n kò bi ara mi.

Aago mẹ́fà ààbọ̀ ni wọ́n gbé wa. Nígbà tí wọ́n fi kó àwọn tó wà ní hòtẹ́ẹ̀lì mìíràn tán, a ti pé mẹ́rìndínlógún, tọkọtaya kan láti Kẹ́ńyà wà lára wa. Ọmọ tó ń mú wa kiri ń sọ Gẹ̀ẹ́sì bíi rédíò tí wọ́n gbàgbé láti pa. Ibi tí a kọ́kọ́ dé kì í ṣe Odi. Ilé gbàgede kan ni, jéèdì ni wọ́n ń tà níbẹ̀, òkúta aláwọ̀ ewé tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀gbà ọwọ́. Wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Mo mọ iye ẹ̀ torí pé ẹ̀yìn páálí pupa yẹn ni mo ń kọ àkókò sí. Ọkùnrin ará Kẹ́ńyà béèrè pé ṣé kò yẹ ká ti kọ́kọ́ lọ sí Odi kí èrò tó pọ̀. Rédíò dáhùn pé ìjọba ló pàṣẹ pé kí gbogbo bọ́ọ̀sì máa yà síbẹ̀.

Irọ́ gbuu. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni Dúpẹ́ wá òfin náà jáde fún mi, ó kà á ní Ṣáínà, ó ń túmọ̀ ẹ̀. Òfin ìrìn-àjò afẹ́ wọn, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ọdún 2013, kọ̀ ọ́ kí iléeṣẹ́ máa fi owó tó kéré jù kó èèyàn, kí wọ́n wá máa fi ọjà tí àwọn èèyàn náà bá rà gba owó wọn padà lẹ́yìn. Òfin kan náà sọ pé bí wọ́n bá fi irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ta nǹkan fún ọ, o lè ní kí iléeṣẹ́ náà bá ọ dá ọjà padà láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ tí ìrìn-àjò parí, kí wọ́n sì kọ́kọ́ san owó ẹ fún ọ. Nọ́ńbà 12345 ni àwọn ará Beijing ń pè tí wọ́n bá fẹ́ fẹjọ́ sùn. Ẹ kọ ọ́ síbì kan.

Aago mọ́kànlá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá la tó dé Badaling. Láti 1957 ni wọ́n ti ń gba àlejò wọlé níbẹ̀, àní ọkọ̀ ojú irin ayára ti ń dé abẹ́ òkè náà láti ìparí ọdún 2019. Kò sí ará Ṣáínà tí kò mọ̀ ọ́n, gbogbo wọn ló sì ń lọ síbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti bá wa ṣe ọdún iṣu ní Ògìdì rí, ẹ rántí bó ṣe máa ń rí tí àwọn ọmọ ìlú bá ti wọlé láti Èkó, Àbújá àti Ìlọrin, tí èèyàn ń wá ibi tí òun máa gbé ẹsẹ̀ sí. Ẹ wá kó gbogbo èrò yẹn sórí ògiri kan tí fífẹ̀ rẹ̀ kò ju ọ̀nà tí mọ́tò méjì lè gbà kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Òòrùn ń ta, olúkúlùkù ṣí agbòòrùn, igun agbòòrùn sì ń wá ojú èèyàn. Wọ́n ní Odi ńlá ni mo wá wò. Ìpàkọ́ èèyàn ni mo wò.

Ohun tó mú inú mi dùn níbẹ̀ kò sí lórí páálí. Mo wọ ìró àti bùbá òfì, ẹ̀tù tí mo fi ọwọ́ ara mi hun. Àwọn èèyàn láti abúlé wọn lọ́hùn-ún fẹ́ bá mi ya fọ́tò, mo ka mẹ́rìnlá kí n tó dákẹ́ kíkà. Ìyá àgbà kan kò bìkítà fún fọ́tò. Ó mú etí ìró mi, ó yí i padà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹni tó bá yí aṣọ wo ẹ̀yìn, ó mọ aṣọ. Ó gbé àtàǹpàkò sókè, ó sì tọ́ka sí mi, bí ẹni ń béèrè pé ṣé èmi ni. Mo ní èmi ni. Dúpẹ́ kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa kó bá wa túmọ̀ tí Rédíò fi bẹ̀rẹ̀ sí í ju àsíá pé àkókò ti tó. Wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré, pẹ̀lú àtìgòkè àti àtisọ̀kalẹ̀.

Oúnjẹ ọ̀sán wà lókè ilé ìtajà ìkòkò bàbà. Ìrẹsì, ẹja, ìgbá tí à ń jẹ, èyí tí wọ́n dín. Oúnjẹ náà dára, n kò ní purọ́ mọ́ wọn. Ibojì àwọn ọba Ming, ìdílé ọba kan tó jẹ ní Ṣáínà láyé àtijọ́, ló tẹ̀lé e, ọba mẹ́tàlá ló sùn sí àfonífojì yẹn, ìṣẹ́jú márùndínlógójì ni wọ́n fún àwọn mẹ́tàlá.

Ilé sẹ́dà ló wá kàn. Ẹ jẹ́ kí n dúró síbí díẹ̀, nítorí iṣẹ́ mi ni.

Wọ́n kọ́kọ́ mú wa wọ yàrá kan tí obìnrin kan ti jókòó síwájú agbada omi gbígbóná. Ilé tí kòkòrò sẹ́dà hun yí ara rẹ̀ ká ló léfòó nínú omi náà, funfun, bí ẹyin ẹyẹlé tí wọ́n fún pọ̀ láàárín. Ìgbálẹ̀ kékeré ló fi ń gbá orí wọn títí tí etí òwú á fi yọ. Òwú ti ọ̀kan ṣoṣo tín-ín-rín jù, kò ṣeé lò, nítorí náà ó kó ti bíi mẹ́jọ pọ̀, ó so wọ́n mọ́ irin tó ń yí. Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá, gbọọrọ, láìjá. Okùn ilé kòkòrò kan lè gùn ju 900 mítà lọ. Mo dúró tì í bí ọmọdé tó ń wo ẹni tó ń dín àkàrà.

Sányán tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Inú igbó ni kòkòrò tiwa ń gbé, ọ̀pọ̀ wọn ló ń kọ́ ilé kan pọ̀, a ó se é pẹ̀lú omi eérú kó tó rọ̀, a ó wá ran án bí a ṣe ń ran òwú, torí kò ṣeé fà ní okùn kan. Àwọ̀ ilẹ̀ ló ń mú wá. Ìyá mi ran án lójú mi. Kíjìpá ló fi kọ́ mi lọ́wọ́, òfì ni ọjà ń béèrè báyìí. Ohun tí wọ́n sì ń pè ní sányán lọ́jà lónìí, òwú tí wọ́n pa láró ni ọ̀pọ̀ ẹ̀, mo máa ń sọ fún oníbàárà mi kí wọ́n tó sanwó.

Tí kòkòrò méjì bá jọ wà nínú ilé kan, okùn wọn á lọ́ mọ́ra, kò ní ṣeé fà. Àwọn yẹn ni wọ́n fi ń ṣe ohun ìbora. Wọ́n á ṣí i, wọ́n á nà án sórí ọparun tí wọ́n tẹ̀ bí ọrun, lẹ́yìn náà obìnrin mẹ́rin á mú igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n á fà á títí yóò fi tó bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n ní kí àlejò wá bá àwọn fà á. Mo gbé báàgì fún Dúpẹ́. Ẹ wò ó, ó fúyẹ́ bí èémí, ṣùgbọ́n bí o ṣe ń fà á lòun náà ń fà ọ́. Apá dun mí. Nígbà tí mo fi sílẹ̀, fọ́nrán ẹ̀ lẹ̀ mọ́ apá bùbá mi. Ẹ fi ọkàn sí fọ́nrán yẹn.

Ẹnu ọ̀nà àbájáde gba inú ìsọ̀ kọjá, kò sí òmíràn. Gèlè kékeré tí wọ́n ń fi sọ́rùn, aláwọ̀ omi òkun, ni mo mú dání. Ọmọbìnrin tó ń tajà ní 480 yúàn, sẹ́dà gidi. Mo rẹ́rìn-ín, mo gbé e sílẹ̀. Ó ní nítorí pé màmá láti Áfíríkà ni mí, 300. Mo ń rìn lọ. 180. Mo dé ẹnu ọ̀nà. 100. Mo ní 60, kí n lè pa á lẹ́nu mọ́ ni mo ṣe sọ bẹ́ẹ̀. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀rá wé e. Ẹ̀yin ọlọ́jà, ẹ̀yin náà mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. A máa ń yọ owó fún oníbàárà, a máa ń fi èènì sí i, ṣùgbọ́n kí ọjà bọ́ láti 480 sí 60 láàárín ìṣẹ́jú mẹ́rin, a jẹ́ pé 480 yẹn kò sí rárá.

Mo san 60 náà. Mo fẹ́ mọ̀ dájú.

Awakọ̀ wà níta, ó ń fa sìgá lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà. Mo tu okùn kan kúrò létí gèlè náà, mo nawọ́ sí ohun ìṣáná rẹ̀. Dúpẹ́ ní, "Iye, ẹ jọ̀ọ́, èèyàn ń wò wá." Mo tanná sí okùn yẹn. Kò jó, ńṣe ló ń yọ́, ó ń sá fún iná, ó wá ṣù sí orí ara rẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀ dúdú kékeré. Mo fi èékánná tẹ̀ ẹ́, ó le bí òkúta. Òórùn ọ̀rá tó jó. Mo wá mú fọ́nrán tó lẹ̀ mọ́ apá bùbá mi, mo tanná sí òun náà. Òórùn irun tó jó ló kọ́kọ́ dé imú mi. Bí mo ṣe gbé iná kúrò, ó kú. Eérú rẹ̀ fọ́ lẹ́bú láàárín ìka mi.

Iṣẹ́ tí obìnrin yẹn ń ṣe nídìí agbada, òótọ́ ni. Ohun tí wọ́n ń tà lẹ́yìn ògiri, nǹkan mìíràn ni.

Awakọ̀ wo ìlẹ̀kẹ̀ dúdú náà, ó wo ojú mi, ó rẹ́rìn-ín títí èéfín sìgá fi há a lọ́rùn. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó tọ́ka sí ìsọ̀, ó tọ́ka sí Rédíò tó dúró nínú ibẹ̀, ó wá fi àtàǹpàkò ra ìka ìfábẹ̀là. Ó parí. Owó alágbàtà ló ń san ìyókù.

Lẹ́yìn ìyẹn wọ́n ṣì mú wa lọ sọ́dọ̀ ẹnì kan tó wọ aṣọ funfun bíi dókítà, tó di ọrùn ọwọ́ mi mú fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, tó sì ní ẹ̀dọ̀ mi ti rẹ̀, àfi kí n ra àgúnmu oṣù mẹ́ta. Mo ní ẹ bá mi sọ fún un pé ẹsẹ̀ mi ló rẹ̀. Ilé tíì ló kù tí a máa dé lẹ́yìn ìyẹn. Nígbà tí bọ́ọ̀sì dúró síbi iná pupa, awakọ̀ wo èmi àti Dúpẹ́ nínú dígí, ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó ṣílẹ̀kùn. Ẹnu ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ wà níwájú wa gan-an. Rédíò pariwo. A ti sọ̀kalẹ̀. Ìràwọ̀ kan nìyẹn.

Èkejì, fún ẹja ọ̀sán àti obìnrin onígbálẹ̀ yẹn. Ní ẹ̀yìn páálí, wákàtí mẹ́rin àti ogójì ìṣẹ́jú la fi wà nínú ilé ìtajà. Ti Odi, ẹ ti gbọ́ ọ.

Ohun tí Dúpẹ́ fẹ́ ká ṣe tẹ́lẹ̀ la wá ṣe lọ́jọ́ kẹta. Mutianyu lorúkọ ibẹ̀, Odi kan náà ni, apá ibòmíì, ní Huairou, lápá àríwá ìlú. Aago mẹ́fà òwúrọ̀ a ti wà ní Dongzhimen, ibùdókọ̀ kan nínú ìlú, a wọ bọ́ọ̀sì 916 tó ń yára, òun ló ń lọ sí Huairou, níbẹ̀ lèèyàn ti ń wọ òmíràn. Ẹ gbọ́ o: kí ọkọ̀ tó dé ibi tí ẹ máa bọ́ sí, ọkùnrin kan lè gòkè wá, yóò máa pariwo "Mutianyu! Mutianyu!", yóò ní ẹ sọ̀kalẹ̀, ibí ni. Kì í ṣe òṣìṣẹ́ bọ́ọ̀sì. Ẹni tó fẹ́ fi mọ́tò ara rẹ̀ gbé yín ni, ẹ̀ẹ̀mẹwàá owó ọkọ̀ ló máa gbà. Ó gòkè lọ́jọ́ tiwa náà, ó tiẹ̀ wọ ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ búlúù bíi tàwọn òṣìṣẹ́. Òyìnbó méjì tẹ̀ lé e. Dúpẹ́ di ọwọ́ mi mú mọ́ àga.

Tíkẹ́ẹ̀tì àbáwọlé, 40 yúàn. Ọkọ̀ orí wáyà, àlọ àti àbọ̀, 140. Owó mọ́tò wa lápapọ̀ kò dé 80 lẹ́nìkọ̀ọ̀kan. Àròpọ̀ rẹ̀ ju ti bọ́ọ̀sì pupa lọ dáadáa, mo mọ̀, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá sì le lè fẹsẹ̀ gun àtẹ̀gùn kó fi 140 yẹn pamọ́. Ohun kan tó ń pa àlejò lára níbẹ̀: ọkọ̀ orí wáyà oní-yàrá tó ń gbéni lọ sí ilé ìṣọ́ kẹrìnlá, àti àga orí wáyà tó ń lọ sí ìkẹfà, tí èèyàn lè gba ibẹ̀ fi irin yọ̀ wálẹ̀, kì í ṣe ẹnì kan náà ló ni wọ́n. Tíkẹ́ẹ̀tì ti ọ̀kan kò ṣiṣẹ́ níbi èkejì. Bí ẹ bá gba ti kẹrìnlá lọ, ti kẹrìnlá ni kí ẹ gbà padà. Ìyàwó Obama yọ̀ níbẹ̀ nígbà tó wá ní 2014. Dúpẹ́ ní ká yọ̀ bíi tirẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ìkẹrìnlá la gbà.

Nígbà tí a gòkè, kò tíì tó aago mẹ́sàn-án. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń yà sápá ìsàlẹ̀, síbi ilé ìṣọ́ kẹfà. Àwa yà sókè, sí ogún. Ó ga o, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Ìgbà tó yá, ọwọ́ ni mo fi ń gun àtẹ̀gùn. Ṣùgbọ́n láàárín ilé ìṣọ́ kejìdínlógún sí ìkọkàndínlógún, èmi, Dúpẹ́ àti ọkùnrin kan tó ń ta omi nìkan ló wà níbẹ̀. Mo jókòó sórí òkúta. Odi náà ń lọ lórí òkè bí ẹ̀yìn alángbá, ó ń wọ inú igbó, ó ń yọ lókè mìíràn. Mo bọ́ bàtà. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ rán mi létí orí àpáta Ògìdì ní àárọ̀ kùtù. Wákàtí mẹ́ta la lò, kò sẹ́ni tó ju àsíá.

Bí a ṣe lo ọjọ́ tó kù nìyẹn: a ń kọ́kọ́ débi tí gbogbo ayé ń lọ kí ayé tó jí, tàbí kí a gba ẹ̀yìn wọlé. Ní ọgbà Tẹ́ńpìlì Ọ̀run, tíkẹ́ẹ̀tì ọgbà nìkan jẹ́ 15 yúàn, aago mẹ́fà ààbọ̀ la wọlé. Kò tíì sí àlejò kan. Àwọn àgbà Beijing ló ń ṣeré: àwọn kan ń jó, àwọn kan ń fi idà onígi ṣe eré ìdárayá bí ẹni ń rìn nínú omi, àwọn ìyá kan ń fi ẹsẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù oníyẹ̀ẹ́ sókè láìjẹ́ kó balẹ̀. Wọ́n pè mí. Mo gbá a lẹ́ẹ̀kan, ó lọ bá ọkùnrin kan tó ń ta káàdì, wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Ilé róbótó olórí búlúù tó wà láàárín, ibẹ̀ ni ọba ti máa ń wá bẹ Ọlọ́run ní ọdọọdún kí irè oko lè dára. Láti 1420 ni wọ́n ti ń ṣe é níbẹ̀, àrá sun ilé náà ní 1889, wọ́n tún un kọ́. Mo ní kí Dúpẹ́ sọ fún àwọn ìyá yẹn pé ní ìlú tiwa náà, a ò jẹ iṣu tuntun láìkọ́kọ́ dúpẹ́. N kò mọ bó ṣe túmọ̀ iṣu, wọ́n kàn ń mi orí. Bí aago ṣe ń lọ sí mẹ́sàn-án, àwọn alásìíá bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, àwa sì ń jáde.

Ààfin àtijọ́, Gugong, kò ṣeé jí lọ bẹ́ẹ̀. Ẹ gbọ́dọ̀ fi nọ́ńbà ìwé ìrìnnà gba tíkẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọjọ́ méje ṣáájú ni wọ́n máa ń ṣí i, 60 yúàn ní àsìkò ooru, Monday sì ni ọjọ́ ìsinmi wọn. Bí ẹ bá dé ẹnu ọ̀nà láìní tíkẹ́ẹ̀tì, ẹnì kan yóò sọ fún yín pé òun ní ọ̀nà. Kò ní. Ti ọ̀sán la gbà, nígbà tí àwọn tó wọlé láàárọ̀ ti ń jáde. Gbogbo èrò ló ń gba àárín gbùngbùn, láti gbọ̀ngàn dé gbọ̀ngàn. Ẹ yà sápá ìlà-oòrùn, sí àwọn àgbàlá kéékèèké, ẹ ó gbọ́ ohùn ẹyẹ. Ẹnu ọ̀nà àríwá ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbà jáde, òkè Jingshan sì wà ní òdìkejì títì, 2 yúàn péré. Láti orí rẹ̀ ni mo ti rí gbogbo òrùlé ààfin náà, aláwọ̀ ìyeyè, bí oòrùn ṣe ń wọ̀. Ìdí òkè yẹn ni ọba Ming tó kẹ́yìn pokùn so sí ní 1644, nígbà tí ọ̀tá wọ ìlú. Àwọn kò bá a bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀, wọ́n kọ ọ́ sára òkúta níbẹ̀ pé ọba so.

Wangfujing, òpópónà ìtajà ńlá kan, mo lo ogún ìṣẹ́jú níbẹ̀, ó tó. Àwọn ọmọbìnrin méjì tó múra dáadáa kí mi, wọ́n ní ìró mi dára, wọ́n fẹ́ fi mí kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ṣé ká jọ lọ mu tíì. Ilé tíì tí wọ́n máa mú yín lọ, ife kékeré mẹ́rin lè di ẹgbẹ̀rún yúàn nígbà tí ìwé owó bá dé, ẹnu ọ̀nà á sì ti pa dé. Dúpẹ́ fi Ṣáínà dá wọn lóhùn, wọ́n pòórá. Àwọn oníkẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta létí adágún Houhai, tí wọ́n bá ní 3 yúàn, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ wọn, kó má lọ di 300 nígbà tí ẹ bá bọ́ọ́lẹ̀.

Ní ti oúnjẹ, ẹ lọ sí Niujie, àdúgbò àwọn Mùsùlùmí. Mọ́sáláṣí wọn ti wà níbẹ̀ láti 996. Ẹran àgùntàn wọn, pẹ̀lú kúmínì àti ata gbígbẹ, sún mọ́ sùúyà débi pé mo béèrè kúlíkúlí. Àwọn ará ìlú ló ń tò síbẹ̀, èyí tó ń tò níbi oúnjẹ kò bí mi nínú.

Google, WhatsApp àti Facebook kò ṣiṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì wọn, ẹ ti ṣètò fóònù yín sílẹ̀ fún ìyẹn kí ẹ tó kúrò nílé, kí ẹ sì ti so káàdì báǹkì yín mọ́ Alipay, áàpù tí wọ́n fi ń sanwó níbẹ̀. Owó bébà ṣì ń ná, ṣùgbọ́n ṣéńjì ló máa dà yín láàmú.

Gèlè 60 yúàn náà wà ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Kàbà. Ẹni tó bá sọ fún mi pé gbogbo sẹ́dà bákan náà ni, mo máa ń tu okùn kan níbẹ̀, mo máa ń wá ìṣáná. Ó ti kúrú díẹ̀.

Ẹni tó pè mí kẹ́yìn, ìyá kan nínú ìjọ wa tí ọmọ rẹ̀ wà lọ́hùn-ún, mo sọ gbogbo èyí fún un lórí fóònù, mo sì fi kún un pé kó má dá a láṣà láti lọ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù Kẹwàá, torí ọjọ́ kìíní ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ ìsinmi orílẹ̀-èdè wọn, gbogbo Ṣáínà ló ń jáde nílé. Bákan náà ni ìsinmi ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún àti ọdún tuntun wọn. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹsàn-án ló wà lára tíkẹ́ẹ̀tì òun, ọmọ ti sanwó, kò ṣeé dá padà.

Mo ní kó mú àpótí ìjókòó lọ́wọ́.